Owó Ìwé Lórí Ayélujára: Kí Ló Ń Lọ Nílé Ẹ̀kọ́ Ìjọba ní Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà?

Bí ọmọ bá ti ń palẹ̀ mọ́ láti wọlé sáà tuntun, irú ìkéde kan máa ń gba orí WhatsApp àti Facebook kan ní Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà. Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan á ya àwòrán kíláàsì rẹ̀, níbi tí ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti korí jọ sórí ìwé kan ṣoṣo, á sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé òun ń wá aláàánú tó máa bá àwọn ra ìwé kíkà. Nígbà mìíràn, nọ́ńbà àkáǹtì á wà nídìí rẹ̀. Ọmọ ìlú tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Houston tàbí ní Lẹ́kí á rí i, á fi nǹkan ránṣẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àríyànjiyàn á ti bẹ̀rẹ̀. Ṣebí ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́? Ta ló fún tíṣà láṣẹ? Ta ló rí rìsíìtì? Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Amẹ́ríkà náà nìyí?

Ìbéèrè wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n ṣe ni wọ́n máa ń lọ́ mọ́ra wọn. Ẹ jẹ́ ká tú wọn wò.

## Ṣebí òfin sọ pé ọ̀fẹ́ ni ìwé?

Bẹ́ẹ̀ ni. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí UBE, tó jáde ní 2004, sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú pé ohun tí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré ti ìjọba bá ń pèsè, ọ̀fẹ́ ni. Ó tilẹ̀ dárúkọ wọn: ìwé, ohun èlò ìkọ́ni, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, àga òun tábìlì, títí kan oúnjẹ ọ̀sán. Ẹni tó bá gba owó lọ́wọ́ òbí lórí wọn lè san owó ìtanràn tí kò ju 10,000 náírà lọ, tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta, tàbí kó jẹ méjèèjì pọ̀.

Ibi tó ti le fún tíṣà nìyẹn. Kò gbọdọ̀ ní kí òbí mú owó ìwé wá, ìwé náà kò sì sí nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ̀bùn tí ará ìta bá dìídì fún ilé ẹ̀kọ́ kì í ṣe owó tí òfin yẹn ní kí wọ́n má gbà lọ́wọ́ òbí, nítorí náà, ẹni tó bá ní tíṣà rú òfin UBE torí pé ó tọrọ ìrànlọ́wọ́ lórí ayélujára ti ṣi òfin náà kà. Òfin mìíràn ló yẹ kó wò, a ó dé ibẹ̀.

Inú tó ń bí ọ̀pọ̀ àgbà lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ìtàn tirẹ̀. Oṣù Kìíní 1955 ni ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, tí iye ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fi fò láti bíi 457,000 sí 811,000 láàárín ọdún kan. Láti 1979, Olóyè Bọ́lá Ìgè, gómìnà Ọ̀yọ́ àtijọ́ tí Ifẹ̀ àti Iléṣà wà nínú rẹ̀ nígbà náà, tún gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé girama. Àwọn tó kàwé nígbà yẹn ṣì rántí ìwé tí ìjọba pín fún wọn. Àwọn kan náà ni wọ́n ń rí ìkéde tíṣà lórí fóònù báyìí pé kò sí ìwé.

## Òfin wà, kí ló dé tí ìwé kò fi tó?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Àbújá. Ìjọba àpapọ̀ máa ń yọ ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó àpò rẹ̀ fún àjọ UBEC, kí àjọ náà fi ran ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ lórí ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kì í kàn nawọ́ gba èyí tó tóbi jù nínú ìpín tirẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé owó tirẹ̀ kalẹ̀ tì í. Ìpínlẹ̀ tí kò bá rí tirẹ̀ gbé kalẹ̀, ìpín rẹ̀ á wà níbẹ̀, kò ní í lè fọwọ́ kàn án, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Nàìjíríà ló sì ti bá ara wọn nínú irú ipò yìí. Bí owó ọ̀hún bá tilẹ̀ jáde, ibi kíkọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ àti títún òrùlé ṣe ló sábà máa ń lọ. Ilé tó ti fẹ́ wó lórí ọmọ kò ṣe é fi sílẹ̀, òótọ́ ni. Ìwé ló máa ń gbẹ̀yìn.

UBEC tún máa ń ra ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Sáyẹ́ǹsì àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n á lu òǹtẹ̀ sí lára pé kì í ṣe títà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kì í kárí. Nítorí èyí, tíṣà tó bá gba ogún ìwé fún ogójì ọmọ á pín in láàárọ̀, ọmọ méjì sí ìwé kan, á tún kà á padà lọ́sàn-án kó tó tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, kó má baà sọnù. Ọmọ kò lè gbé e lọ sílé. Níbi tí ìwé kò bá sí rárá, tíṣà á da àyọkà kọ sójú pátákó, àwọn ọmọ á dà á kọ sínú ìwé wọn, ìdajì àsìkò ẹ̀kọ́ á sì ti lọ kí ẹnikẹ́ni tó ka gbólóhùn kan.

Ti ìjọba ìbílẹ̀ tún wà níbẹ̀. Inú owó ìjọba ìbílẹ̀ ni owó oṣù tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ń jáde. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ wọn tààrà. Ṣùgbọ́n ní Ọ̀ṣun, ìjà lórí àwọn wo ni alága àti káńsẹ́lọ̀ tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ipò bẹ́ sílẹ̀ ní 2025, ìjọba àpapọ̀ sì dá owó wọn dúró. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń jẹ́ Ifẹ̀ àti méjèèjì tó ń jẹ́ Iléṣà wà nínú rẹ̀. Nígbà tí àwọn èèyàn ń kọminú lórí owó oṣù, ọ̀rọ̀ ìwé kíkà kò lè ṣíwájú.

Ìwé fúnra rẹ̀ náà ti gbówó lórí. Ìbàdàn ni ọ̀pọ̀ ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ tí à ń lò ti ń wá, òkè òkun sì ni púpọ̀ nínú bébà tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ ti ń wá. Ilé iṣẹ́ bébà tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Jẹ́bà, ní Ìwopin àti ní Oku-Iboku ti dákẹ́ tàbí kí iṣẹ́ wọn máà tó nǹkan láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Nígbà tí ìjọba tú náírà sílẹ̀ fún ọjà ní oṣù Kẹfà 2023, dọ́là kan tó jẹ́ nǹkan bíi 470 náírà kọjá 1,500 kí oṣù Kejì 2024 tó parí. Òǹtẹ̀wé tó ń fi dọ́là ra bébà, yíǹkì àti awo ìtẹ̀wé kò lè ta ìwé ní iye ti tẹ́lẹ̀. Ẹ wá fi èyí wé owó oṣù tó kéré jùlọ tí ìjọba àpapọ̀ gbé sí 70,000 náírà ní 2024. Òbí mìíràn tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Sábó tàbí ní Ìṣọkùn kò tilẹ̀ rí iye yẹn lóṣù.

Ohun kan tún wà tí àwọn òbí kì í yé sọ. Láyé àtijọ́, àbúrò ló ń jogún ìwé ẹ̀gbọ́n. Ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n ń tẹ̀ báyìí ní àlàfo ìdáhùn nínú. Ọmọ á fi bírò kọ ìdáhùn sí i, ìwé náà ti parí nìyẹn. Olùrànlọ́wọ́ tó bá ra irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún kíláàsì kan, ọdún kan péré ló rà.

## Kí ni wọ́n ń ṣe ní Amẹ́ríkà gan-an?

Orúkọ tí àwọn èèyàn sábà máa ń dá ni DonorsChoose, ètò orí ayélujára tí tíṣà fi ń tọrọ ohun tí kíláàsì nílò. Charles Best, tíṣà ní ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba kan ní Bronx, New York, ló dá a sílẹ̀ ní 2000, nígbà tó rí i pé òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ń fi owó àpò ara wọn ra ohun tí kíláàsì nílò. Amẹ́ríkà tó lówó náà ní kíláàsì tí ìwé kò tó, nítorí ibi púpọ̀ níbẹ̀ ni owó ilé ẹ̀kọ́ ti so mọ́ owó orí ilé àti ilẹ̀ ládùúgbò. Àdúgbò tálákà, owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ á kéré.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ló yẹ ká tẹjú mọ́. Tíṣà á kọ ohun tó fẹ́ àti ìdí tó fi fẹ́ ẹ, á sì mú ọjà náà láti ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́jà tí ètò náà ń bá ṣe. Wọ́n á yẹ ìbéèrè rẹ̀ wò kí wọ́n tó gbé e síta. Ẹnikẹ́ni tó bá wù lè fi dọ́là díẹ̀ sí i. Bí owó bá pé, DonorsChoose fúnra rẹ̀ ló máa ra ìwé náà, tí á fi ránṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́. Owó kì í kan ọwọ́ tíṣà. Lẹ́yìn náà ni àwòrán àti lẹ́tà ìdúpẹ́ á padà sọ́dọ̀ àwọn tó dáwó. Nítorí pé ọ̀nà yìí mọ́, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá náà máa ń gbà á. Ní 2018, ilé iṣẹ́ Ripple fi owó tó tó mílíọ̀nù 29 dọ́là san gbogbo ìbéèrè tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, wọ́n lé ní 35,000.

Àríyànjiyàn kò sì ṣàìsí níbẹ̀. Àwọn aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ ní agbègbè kan ti fòfin de ìdáwó orí ayélujára fún tíṣà wọn, àwọn mìíràn ní kí tíṣà kọ́kọ́ gba àṣẹ. Wọ́n ń bẹ̀rù pé ohun ìní ilé ẹ̀kọ́ á máa wọlé láìsí àkọsílẹ̀, pé ìròyìn nípa ọmọ á máa jáde, àti pé tíṣà tó mọ̀wé kọ dáadáa ni kíláàsì rẹ̀ á máa rí ohun gbà nígbà tí ti ẹnìkejì ò ní í rí nǹkan kan.

## Ṣé tíṣà Ifẹ̀ tàbí Iléṣà lè wọ inú ètò yẹn?

Rárá. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní Amẹ́ríkà nìkan ni DonorsChoose wà fún. GoFundMe, ojúlé ìdáwó mìíràn, náà, orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ni ẹni tó máa gba owó ti gbọ́dọ̀ ní àkáǹtì, Nàìjíríà kò sì sí nínú wọn. Bí ẹ bá rí ìdáwó GoFundMe fún ilé ẹ̀kọ́ kan ní Iléṣà, ẹnì kan ní òkè òkun ló dúró fún un, orúkọ ẹni yẹn ló sì yẹ kí ẹ wádìí. Ìlànà ìdáwójọ tí SEC, àjọ tó ń mójú tó ọjà ìdókòwò, gbé jáde ní 2021, tí àwọn kan máa ń tọ́ka sí, ti òwò ni, fún ẹni tó ń fi owó wá èrè. Kò kan ọrẹ àánú.

Ohun tó kù fún tíṣà wa nìyí: àkáǹtì ara rẹ̀, àkáǹtì PTA tàbí ti ìgbìmọ̀ alámòójútó ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní SBMC, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde, tàbí ẹgbẹ́ aláàánú tó ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀. Àkáǹtì ara rẹ̀ ló yá jù, òun náà ló sì ń fa wàhálà jù. Òfin ìwà òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 kò gba òṣìṣẹ́ láyè láti gba ẹ̀bùn fún ara rẹ̀ nítorí iṣẹ́ tó ń ṣe. Ìwé kíláàsì kì í ṣe fún ara rẹ̀, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n owó tó wọlé tó dàpọ̀ mọ́ owó oṣù, owó àjọ àti owó tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́, báwo ló ṣe máa yọ ọ́ jáde bí ẹnì kan bá ní kó ṣàlàyé? Tíṣà olóòótọ́ ni èyí máa ń pa lára jù.

Ẹni tó ń rajà láàárín olówó àti kíláàsì, èyí tí DonorsChoose dúró fún lọ́hùn-ún, ni kò sí níhìn-ín. Àwọn kan ti ń wá ọgbọ́n sí i. Dípò nọ́ńbà àkáǹtì, tíṣà á fi àkójọ ìwé àti iye wọn láti ṣọ́ọ̀bù ìwé kan ní Lágéré síta, olùrànlọ́wọ́ á sanwó fún ọlọ́jà tààrà, ọlọ́jà á kó ìwé lọ sílé ẹ̀kọ́, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ á fọwọ́ sí i pé ó dé. Ó falẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó pa ẹnu ọ̀pọ̀ ariwo mọ́.

## Ṣé ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí aráàlú àti àjèjì máa dáwó fún ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ wa?

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ló dá Ilesa Grammar School sílẹ̀ ní 1934. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ń ṣòwò kiri ló ń dáwó, láìsí fóònù, láìsí báńkì ní gbogbo ìlú. Ní Ifẹ̀, Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí ti ṣíwájú dá Oduduwa College sílẹ̀ ní 1932.

Èyí tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ ìwé jù ni ti 1970. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Fásitì Ifẹ̀ mú ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's 'A' ní Mọdákẹ́kẹ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Ìwé tí wọ́n máa lò fún sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò ní Yorùbá kò sí lọ́jà, nítorí náà wọ́n jókòó kọ ọ́. Ford Foundation láti Amẹ́ríkà ló ràn wọ́n lọ́wọ́ lórí owó. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì, ìròyìn rẹ̀ sì kárí ayé. Owó àjèjì ló wọlé, ṣùgbọ́n fásitì ló gbà á, fásitì ló ná an, fásitì ló kọ ìròyìn rẹ̀. Síbẹ̀, ètò náà kò tàn kárí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń ṣiyèméjì sí ọrẹ àánú máa ń tọ́ka sí: ọwọ́ aláàánú lè bẹ̀rẹ̀ nǹkan, ìjọba nìkan ló lè mú un kárí.

## Kí ni oníkálukú ń sọ?

Àwọn tíṣà tó ń tọrọ ń sọ pé ọmọ tó wà ní kíláàsì kẹta lónìí kò lè dúró de ètò ìṣúná ọdún tó ń bọ̀. UNICEF sọ pé nínú ọmọ mẹ́rin tó wà láàárín ọdún méje sí mẹ́rìnlá ní Nàìjíríà, mẹ́ta ni kò lè ka gbólóhùn kékeré kó sì yé e. Tíṣà kò nílò kí UNICEF sọ ọ́ fún òun, ojoojúmọ́ ló ń rí i.

Àwọn aláṣẹ ń fèsì pé òṣìṣẹ́ ìjọba ní ọ̀nà tó ń gbà sọ̀rọ̀. Kí tíṣà kọ̀wé sí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, kí ọ̀gá kọ ọ́ sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀, kí ọ́fíìsì gbé e dé SUBEB, àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìpínlẹ̀, ní Òṣogbo. Ìlànà iṣẹ́ ìjọba kò sì fẹ́ kí òṣìṣẹ́ máa gbé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ síta láìgbàṣẹ. Tíṣà tó bá ṣe é lè gba ìwé ẹ̀sùn.

Àwọn kan láàárín àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aráàlú kò gbè sẹ́yìn ìkankan nínú méjèèjì. Wọ́n ní bí aráàlú bá ti ń ra ìwé, ìjọba á dẹ́kun àtirà á, òfin 2004 á sì di ìwé lásán. Ọ̀rọ̀ wọn wúwo. Ṣùgbọ́n àwọn náà kò tíì sọ ohun tí ọmọ á fi kàwé kí ẹjọ́ tó parí.

## Ojú ọmọ tó wà nínú àwòrán ńkọ́?

Apá yìí ni àwọn èèyàn kì í sọ tó. Bí ìwé bá ti dé, àwòrán ọmọ tó fa ìrànlọ́wọ́ náà kì í kúrò lórí ayélujára. Iléṣà kì í ṣe ìlú tí ọmọ ti lè fara pamọ́. Àwọn ará ilé, ará ìta, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílé kéú tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì á mọ̀ ọ́n, wọ́n á mọ ilé tó ti wá. Ọmọ tí wọ́n bá yà nínú aṣọ tó ti ya lè máa gbọ́ ọ títí á fi jáde girama.

Òfin ààbò ìròyìn ara ẹni tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní 2023 sọ pé kí òbí tàbí alágbàtọ́ fọwọ́ sí i kí ẹnikẹ́ni tó lo ìròyìn ọmọdé, àwòrán sì wà nínú rẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003, tí Ọ̀ṣun náà ti sọ di tirẹ̀, fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀. Àwòrán kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣófo, tàbí ti ìwé tí ojú ewé rẹ̀ ti já, tó láti sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

## Irú ìwé wo ni kíláàsì nílò?

Ọ̀pọ̀ olùrànlọ́wọ́ ló máa ń kó ìwé ìtàn àlòkù láti òkè òkun wá. Ó wúlò fún yàrá ìkàwé. Ṣùgbọ́n kò ran tíṣà lọ́wọ́ nígbà tó bá ní "ẹ ṣí ojú ewé kejìlá." Ogún ẹ̀dà ìwé kan náà, èyí tí ìpínlẹ̀ fọwọ́ sí fún kíláàsì yẹn, ló ń yí ẹ̀kọ́ padà.

Èdè náà wà nínú rẹ̀. Ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2022 ní kí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù Kọkànlá 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa lò. Ẹ̀kọ́ Yorùbá fúnra rẹ̀ ṣì wà nínú iṣẹ́ ọmọ, ìwé kíkà Yorùbá sì ni àwọn tó ń dáwó kì í sábà rántí rà.

Àwọn kan ń béèrè ìdí tí wọn kò fi kó gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Ọ̀ṣun ti gbìyànjú rẹ̀: ní 2013, ìjọba Ọ̀gbẹ́ni Raufu Arẹ́gbẹ́ṣọlá kó ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ sínú tábúlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n pè ní Ọ̀pọ́n Ìmọ̀. Ọmọ girama àgbà ni wọ́n ṣe é fún. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

## Bí wọ́n bá gbé tíṣà lọ sílé ẹ̀kọ́ mìíràn, ta ló ni ìwé?

Ilé ẹ̀kọ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ tíṣà ni owó fi wọlé. Ìjà ibẹ̀ pọ̀, nítorí tíṣà tó fi ẹnu ara rẹ̀ tọrọ ìwé máa ń rò pé òun lè kó o dání lọ sí kíláàsì tuntun. Olùrànlọ́wọ́ náà lè rò bẹ́ẹ̀, torí tíṣà yẹn ló mọ̀. Kí èyí má baà ṣẹlẹ̀, kí òǹtẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ wà lójú ewé àkọ́kọ́ ìwé kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ tó bá dé, kí wọ́n kọ iye rẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ohun ìní, kí ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ SBMC. Olùrànlọ́wọ́ tó bá fẹ́ mọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ bóyá ìwé rẹ̀ ṣì wà, ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ yẹn ni kó ti béèrè. Òbí àti ará àdúgbò ni wọ́n, wọn kì í gba ìwé pé kí wọ́n lọ síbòmíràn.